Irun Tí Mo Gẹ̀ ní Leeds Ló San Owó Yunifásítì Mi

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó wá kí mi ní Fìdítì tí kò bèèrè nípa yìnyín. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni omi máa ń dì lójú ọ̀nà, bóyá òyìnbó mọ iyán, bóyá mo fojú ara mi rí ọbabìnrin wọn. Mo dá gbogbo wọn lóhùn. Ìbéèrè tí mo ń retí ni kò sẹ́ni tó bi mí: báwo lo ṣe rí owó san? Bóyá ojú ló ń tì wọ́n, nítorí ìlú mọ̀ pé owó tí wọ́n dá fún mi kò lè gbé mi kọjá ọdún kan. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. N kò ní dárúkọ iye tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tàbí ohun tí mo dì sínú àpótí. Mo fẹ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, àti irú èèyàn tí mo bá pàdé.

Ìlú dá a

Ọmọ onígbàjámọ̀ ni mí. Abẹ́ igi ọsàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti ń fá orí fún àwọn àgbà, tó ń gẹ irun fún àwọn awakọ̀ tó bá yà. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ abẹ ẹ́ pọ́n. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ti di tíṣà ní Ìlọrà, mo sì ti pa iṣẹ́ náà tì. Kí n má purọ́, ó ń tì mí lójú. Tíṣà tí ṣòkòtò rẹ̀ le gan-an nítorí sítáàṣì kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọmọ agẹrun.

Òmìnira kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí lẹ́tà dé pé yunifásítì kan ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbà mí láti wá kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Mo yọ̀ fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú owó. Mo kọ̀wé béèrè fún sìkọ́láṣípù ìjọba, wọ́n ní kí n tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní àwọn yóò san gbogbo rẹ̀ bí mo bá tọwọ́ bọ̀wé pé ọdún mẹ́wàá ni màá fi sin àwọn. Mo ka lẹ́tà náà fún ìyá mi. Ó ń to ọsàn sórí igbá nígbà náà, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìwọ̀fà ni wọ́n ń pe ìyẹn."

Mo ya lẹ́tà náà.

Ẹgbẹ́ ìlú wa ló gbà mí. Wọ́n pe ìpàdé lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ ẹbí wa wá láti Ìmíní àti Akínmọ̀rín. Ẹlòmíràn ò rí owó mú wá, iṣu ló rù wá kí wọ́n tà á. Ọmọ ìjọ Aládùúrà wà níbẹ̀, olùfọkànsìn Ṣàngó wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ ti ń gbàdúrà. Alága ní, "Oyèkúnlé, àwa ò rí ilé ìwé náà rí, a ò sì mọ bó ṣe jìnnà tó. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọmọ wa kò ní jókòó sílé nítorí owó." Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tètè lè dìde.

Nígbà tí mo ń wọ mọ́tò, ìyá mi sún mọ́ fèrèsé. "Àkàndé, wọn á ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, Ọlọ́run á rán wọn. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹni àánú kí o tó jẹun."

Orí omi

Òkun kò ní ibi tí èèyàn lè fojú lé. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi dùbúlẹ̀, tí inú mi ń yí bí ìgbà tí wọ́n bá ń ro ọkà. Ní ọjọ́ kẹrin mo dìde, mo lọ sí yàrá oúnjẹ. Òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun gbé abọ́ síwájú mi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ọbẹ̀ rèé, sà." Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní ilé, àwa la máa ń pe òyìnbó ní sà, títí kan èyí tí kò gbọ́n tó wa. Ọbẹ̀ náà kò ní ata, kò ní iyọ̀ tó, àmọ́ mo lá a tán nítorí sà tí ó fi sí i.

Ìlú tí ògiri rẹ̀ dúdú

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìlú òyìnbó ń dán bí àwo, ẹ gbọ́ èmi. Èéfín èédú ti pa gbogbo ilé Leeds dúdú, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n ti fi ń se ọbẹ̀ ọjọ́ pípẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì dúdú, ilé ìfìwéránṣẹ́ dúdú. Èmi nìkan kọ́ ni mo dúdú níbẹ̀, mo fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Ìwà wọn yà mí lẹ́nu. Èèyàn lè bá wọn gbé ògiri kan náà fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n má bi í pé ṣé ó jí. Ẹni tó bá kí wọn láàárọ̀, tó bèèrè ilé, tó bèèrè ọmọ, tó bèèrè iṣẹ́, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gba owó nínú bọ́ọ̀sì, tí kò rí mi rí, wò mí lójú ó ní, "Owó rẹ dà, olólùfẹ́?" Jìnnìjìnnì mú mi. Mo bọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ayé nìyẹn lágbègbè náà, àti ọmọdé àti àgbà.

Mo wá yàrá títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Àwọn kan kọ ọ́ sí fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn mìíràn kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn tí wọ́n rí mi, yàrá náà á ti kún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé kẹsàn-án ni ti Mísísì Họ́búsìn, opó kan tó ga, tó sì gbẹ bí igi ìdáná. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o máa ń mutí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o máa ń kọrin?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, mà."

"Nu ẹsẹ̀ rẹ kí o wọlé."

Pọ̀tétò sísè ló máa ń fún wa láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ Sunday ó máa ń yan nǹkan kan nínú ọ̀rá ẹran, tí yóò wú bí àkàrà ńlá tí inú rẹ̀ ṣófo. Tí mo bá bu ata gbígbẹ tí ìyá mi dì fún mi sí i, n kì í rántí ilé.

Lẹ́tà méjì

Ọdún kìíní kọjá, mo sì yege dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì ni lẹ́tà méjì dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú wa ló kọ èkínní. Owó kòkó ti já, ó ní, àwọn àgbẹ̀ kò rí owó ilé ìwé ọmọ tiwọn san mọ́. "A ò gbàgbé rẹ, Oyèkúnlé, ọwọ́ wa ló ká." Ilé ìwé ló kọ ìkejì. Bí n kò bá san owó ọdún náà kí ìsinmi Àjíǹde tó dé, n kò ní jókòó ṣe ìdánwò.

Mo lọ bá àgbàlagbà tó ń gba owó ẹ̀kọ́. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó ka orúkọ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àwọn olùkọ́ rẹ sọ pé o mọ̀wé. Èmi kò láṣẹ láti dín in kù. Ohun tí mo láṣẹ lé lórí ni pé kí n gbà á díẹ̀díẹ̀. Mú èyí tí o bá rí wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó pé kó tó di Àjíǹde."

Mo dúpẹ́. N kò mọ ibi tí èyí tí mo bá rí yóò ti wá. Mo fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan, wọ́n dá mi dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà Kérésìmesì, Kérésìmesì sì kọjá lọ.

Gbọ̀ngàn ìletò

Ìyàwó olówó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ nípa mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun yóò san gbogbo owó tó kù títí màá fi jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju kí n máa bá wọn lọ sí àwọn ìletò, kí n máa sọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n lè dáwó.

Inú mi dùn débi pé n kò sùn. Ní ọjọ́ Saturday tí a máa lọ, mo wọ kóòtù mi tó dára jù. Obìnrin náà wò mí, ojú rẹ̀ kò dùn. "Ṣé o ò ní aṣọ tó ti gbó?" ló bi mí.

A dé gbọ̀ngàn, ó kún. Wọ́n pa iná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn lára aṣọ funfun: ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú, ahéré tó ti wó, obìnrin tó wà níhòòhò. N kò mọ ilẹ̀ tí wọ́n ti yà á. Obìnrin náà ní, "Ìlú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rèé. Yóò sọ fún yín fúnra rẹ̀."

Mo dìde. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ gbólóhùn mẹ́ta péré, wàhálà mi parí. Mo tún mọ̀ pé àwọn tó ru iṣu láti Akínmọ̀rín ni wọ́n máa fi àwòrán yẹn bò mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Fìdítì kọ́ nìyí. Àgbẹ̀ ni wọ́n nílùú wa. Bí ẹ bá gba títì wa kọjá lásìkò ọsàn, ẹ ó rí i tí wọ́n kó o jọ bí òkìtì. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí ó jáde láìwé gèlè. Nígbà tí mo fẹ́ wá síbí, gbogbo ìlú ló dáwó, àtẹni tó ní àtẹni tí kò ní. Kòkó tí wọ́n ń tà fún yín ni wọ́n fi ń rán wa níwèé. Ọdún yìí, iye tí ẹ ń rà á ti já. Ohun tó mú mi dúró níwájú yín nìyẹn. Kì í ṣe pé a kò ní láárí."

Bàbá arúgbó kan, àgbẹ̀, nawọ́ sókè níwájú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a máa ń gé ẹ̀ka igi ọsàn, àti ìgbà tí a máa ń gé e. Mo dá a lóhùn. Ó tún bèèrè nípa kòkòrò. A sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi ní àkókò ti tó. Bí mo ṣe ń jáde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì gbé àpò pọ̀tétò kan lé mi lápá. Ó ní, "Láti ọwọ́ àgbẹ̀ sí ọmọ àgbẹ̀."

Obìnrin olówó náà fi ọkọ̀ gbé mi padà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà mi ló ní, "O kò ràn wá lọ́wọ́ rárá." Ó wakọ̀ lọ. N kò tún gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn mọ́.

Mo gbé pọ̀tétò wọlé. Mo ti pàdánù owó ọdún méjì, síbẹ̀ orí mi wú.

Ilé ìfọṣọ lẹ́yìnkùlé

Nínú ilé Mísísì Họ́búsìn, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Wínsítìn, ará Jàmáíkà, tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, Bọ̀dá ni mo ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé, ó ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀la ni ìyàwó mi máa gúnlẹ̀," ló wí. "Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti rí i kẹ́yìn. Wo irun mi! Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù agẹrun mẹ́rin. Méjì ní àwọn ò mọ irú irun yìí í gẹ̀. Ẹ̀kẹta tilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹrin bẹ̀rẹ̀, wo ohun tó ṣe."

Ohun tó ṣe dà bí ibi tí ewúrẹ́ jẹ lórí koríko. Mo ń wò ó, ọwọ́ mi ń yún mi. Láti ìgbà tí mo ti di tíṣà, n kò sọ ọ́ fún àlejò kankan rí.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jókòó. Onígbàjámọ̀ ni bàbá tó bí mi."

Àlùmọ́gàjí tí Mísísì Họ́búsìn fi ń rán aṣọ ni mo yá, pẹ̀lú òòyà àti abẹ tí mo fi ń fá irùngbọ̀n. Mo ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fi abẹ fa ìlà etí rẹ̀ títọ́ bí mo ṣe rí bàbá mi tó ń ṣe é. Mo gbé dígí fún un. Ó kàn ń yí orí sọ́tùn-ún, sósì. Nígbà tó yá, ó nu ojú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, awakọ̀ mẹ́fà ló dúró lójú ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Gánà àti Sàró dé, àwọn nọ́ọ̀sì ọkùnrin dé, àwọn kan wọ rélùwéè wá láti ìlú mìíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí orí kọ̀ọ̀kan, mo sì ra kílípà àlòkù. Ọmọ Yorùbá kan, tí bàbá rẹ̀ lówó gan-an n'Ìbàdàn, rí mi nílé ìwé, ó rẹ́rìn-ín: "Tíṣà! Ṣé abẹ lo tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ wá sílùú òyìnbó ni?" Mo kàn wo orí rẹ̀, tó ti dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Lọ́jọ́ Saturday tó tẹ̀lé e, òun ni ẹnì kẹrin lórí ìlà.

Ìgbà yẹn ni Mísísì Họ́búsìn bínú. Ó rí irun nínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó rí bàtà èèyàn mọ́kànlá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó kígbe, "Ilé mi kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù! Gbogbo yín, ẹ jáde!" Mo rò pé yóò lé mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ bí ọ̀rọ̀ owó náà ṣe jẹ́ fún un, láti orí kòkó títí dé Àjíǹde. Ó gbọ́ ọ tán, ó kó ọwọ́ lẹ́rán.

"Ta ni wọ́n ń sanwó fún nígbà tí wọ́n ń dúró?"

"Kò sí, mà."

"Wọn ò sì mu nǹkan kan?"

"Rárá, mà."

Ó ṣí ilé ìfọṣọ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé fún mi, ó gbá a mọ́, ó gbé àga kan síbẹ̀. Lọ́jọ́ Saturday tó tẹ̀lé e, ó gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta tíì àti búrẹ́dì oníbọ́tà fún àwọn tó ń dúró. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó rówó jù nínú àwa méjèèjì.

Gbogbo ọjọ́ Monday ni mò ń lọ bá àgbàlagbà tó ń gba owó. Ṣílè ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń gbé lọ, ó sì ń fi sùúrù kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ó kọ ti ìkẹyìn, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e, ó wá dìde nídìí tábìlì rẹ̀ láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun kò dìde fún ẹnì kankan rí. Mo jókòó ṣe ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe san ti ọdún kẹta.

Ọjọ́ oyè

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa fún wa ní oyè, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mú bàbá àti ìyá wá. Àwọn ìyá dé fìlà olódòdó, àwọn bàbá gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Mo gba ìwé ìwọlé méjì, mo fún Mísísì Họ́búsìn àti Bọ̀dá Wínsítìn. N kò retí pé ẹlòmíràn yóò wá. Mo jókòó nínú ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ dúdú, mò ń ronú ìyá mi, mò ń sọ fún ara mi pé ọkùnrin kì í sunkún láàárín àlejò.

Ẹni tó ń ka orúkọ dé orí tèmi. Ó dúró. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́ ọ. Ó tún gbìyànjú, ó tún fọ́ ọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Láti òkè, ní ẹ̀yìn pátápátá, ohùn kan dún: "Oyèkúnlé!"

Mo gbójú sókè. Wọ́n ti kún gbogbo ọwọ́ ẹ̀yìn. N kò mọ ẹni tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ Gánà nínú kẹ́ńtè, ọmọ olówó Ìbàdàn, Mísísì Họ́búsìn nínú fìlà aláwọ̀ ewé tí n kò rí lórí rẹ̀ rí. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì pe orúkọ mi bí ó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, pẹ̀lú ohùn kan. Gbọ̀ngàn náà mì. Ẹni tó ń ka orúkọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún un kà, ó sì kà á dáadáa.

Mo rìn lọ gba ìwé mi. Mo ti gbàgbé pé ọkùnrin kì í sunkún.

Ilé

Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe gbà mí nígbà tí mo dé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà níbẹ̀, n kò ní tún un sọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí èrò ti túká, tó ku èmi àti ìyá mi àti obìnrin kan tó jẹ́ aládùúgbò wa, ìyá mi bi mí ní ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀.

"Àkàndé, lọ́jọ́ tí wọ́n fún ọ ní ìwé náà, ta ló dúró níbi tó yẹ kí n dúró?"

Mo sọ ohun gbogbo fún un. Mo sọ iṣẹ́ tí mo ṣe, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n máa pe orúkọ wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pe Wínsítìn. Ìyá mi pè é bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbà á, ó gbàdúrà fún un, ó gbàdúrà fún ìyàwó rẹ̀. Mo pe Mísísì Họ́búsìn. Mo pe àwọn ọmọ Gánà, mo pe àgbàlagbà tó ń gba owó, mo pe àgbẹ̀ tó fún mi ní pọ̀tétò, ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá mi fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kò kánjú.

Ó rẹ aládùúgbò wa. Ó ní, "Ìyá Oyèkúnlé, gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ṣé òyìnbó ni wọ́n tàbí adúláwọ̀?"

Ìyá mi kò lajú.

Ó ní, "Èmi ò bèèrè. Wọ́n dúró fún ọmọ mi." Ó sì ní kí n pe èyí tó kù.